Òjò Ń Pa Ẹja Boston

Ní òwúrọ̀ oṣù kẹfà ọdún 1774, kùrukùru òkun bo Marblehead, ìlú apẹja wa nítòsí Boston ní Amẹ́ríkà, ó bo ilé, ó bo ọkọ̀, àfi bí ẹni pé inú àlá la wà. Mo ń sá ẹja lórí àtẹ mi létí omi. Mo sì ń gbọ́ ohùn Obed, aládùúgbò mi. Ọdún méjì nìyẹn tí èmi àti ẹ̀ ò ti kíra.

Ó ń bá Hepzibah, àbúrò ìyá rẹ̀, sọ̀rọ̀.

"Màmá, ọkùnrin kan tí gómìnà rán wá bá mi lánàá. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin ti èbúté Boston pa. Tí mo bá fọwọ́ síwèé pé mo fara mọ́ òfin náà, ọjà àwọn ará Boston á di tèmi."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Àwọn kan níbẹ̀ ló da tíì sókun, wọn ò fẹ́ san owó ibodè ọba lórí rẹ̀."

"Àwọn kan. Ebi wá ń pa gbogbo ìlú. Igi ìdáná pàápàá ò gbọdọ̀ gba orí omi èbúté wọn kọjá. Obed, pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó."

"Ọmọ márùn-ún ni mo ní o, Màmá. Ẹ ò ní bá mi bọ́ wọn."

"Èmi tí mo bọ́ ọ nígbà tí o ò tíì mọ̀ pé o yó?"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á lòjò ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tójò bá dé, àtẹ tó bá sún mọ́ ọ ni wàá bò. Mo sáré bo àtẹ kan. Nígbà tí mo gbójú sókè, ti Obed ni. Òun náà ń fi èèpo igi bo tèmi, omi ń kán nímú rẹ̀.

Hepzibah dúró tì wá. "Obed, ìwọ ò bi òjò léèrè pé ẹja ta ni kí o tó bò ó. Òjò ń pa ẹja Boston báyìí, o wá fẹ́ gbé àtẹ wọn lọ sílé."

Ojú ti Obed, ojú ti èmi náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i. Ó ní kí àwọn oníṣòwò Boston máa lo ilé ìkẹ́rùsí òun lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa méjèèjì jọ di ẹja sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, a gba orí ilẹ̀ lọ Boston. Nínú kùrukùru, a bá agbo àgùntàn lọ́nà. Àwọn ará ìlú tí a ò mọ̀ rí ló ń dà wọ́n lọ síbi kan náà.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá fi òfin jẹ aládùúgbò yín níyà, tí wọ́n wá fi ìpín rẹ̀ lọ̀ yín, ẹ má fọwọ́ síwèé. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ gbé oúnjẹ lọ bá a. Ọba rò pé ìlú kan lòun tì pa, àṣé gbogbo wa ló kó jáde sójú ọ̀nà.