Àtẹ̀gùn Ọ̀pá Èéfín Bartholomew

Ní ọdún tí ìjọba kéde pé ogun abẹ́lé ti parí, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Kano pẹ̀lú àpótí kan, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì àti ẹsẹ̀ kan. Kóòtù dúdú ọrùn rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ eérú. Wọ́n ti ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè lápá kan, wọ́n sì fi òwú rán an pa. Ogun ti parí níbi gbogbo. Ẹsẹ̀ kejì nìkan ni kò gbọ́ ìkéde náà.

Bartholomew ni, ọmọ Ìgbò, oníbúrẹ́dì Enugu Road. Kí ìdààmú tó dé, òórùn ààrò rẹ̀ ló ń jí ìdajì Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò. Ó ti kọ́kọ́ fi Evelyn ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn náà ni Oyèwùmí, káfíńtà réluwé, gbé òun náà jáde nílùú lábẹ́ àpò ìyẹ̀fun. Bartholomew dé ìlú wọn. Evelyn àti àwọn ọmọ kò dé. Látìgbà náà ni Oyèwùmí àti Matilda ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Fúnlọ́lá ọmọ wọn, ti ń gbé ilé náà, tí wọ́n ń kùn ún lọ́dà, tí wọ́n sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á pé onílé lọ sọ́jà. Ọjà náà sì pẹ́.

"Sannu da zuwa, káàbọ̀, onílé," ni Oyèwùmí wí. "Kọ́kọ́rọ́ rẹ rèé."

Bartholomew kò wo kọ́kọ́rọ́. Òrùlé ló ń wò, níbi tí ọ̀pá èéfín ààrò, tí wọ́n fi bíríkì mọ, ti yọrí láàárín páànù.

"Baba Fúnlọ́lá, ta ló wo inú ọ̀pá èéfín?"

"A ò dáná níbẹ̀ látìgbà tó o ti lọ."

"Mo ní ta ló wò ó?"

Nígbà tí Bartholomew ń kọ́ṣẹ́, ọ̀pá èéfín ọ̀gá rẹ̀ gbiná. Ó jó òrùlé, ó sì jó ọ̀gá. Látìgbà náà, kì í fi ojú ẹlòmíràn wo ọ̀pá èéfín, bẹ́ẹ̀ ni kì í dáná sí ààrò tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì yẹ̀ wò.

"Bí mi ò bá lè gun òrùlé ilé ara mi," ló wí, "á jẹ́ pé àlejò ni mo wá ṣe. Màá tà á, màá padà."

Kì í ṣe torí ẹni tó máa rà á ni Oyèwùmí ṣe pa ilé mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pa á mọ́ fún.

Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lo pákó abẹ́ irin ọkọ̀, èyí tí réluwé kò tíì mọ̀ pé òun kò nílò mọ́. Ó ṣe àtẹ̀gùn tó gbòòrò, tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò ga, ó sì fi páìpù ṣe ìdìmú sí ọ̀tún àti sí òsì. Ó tẹ́ pákó sórí páànù dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá èéfín kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, ó sì kan àga mọ́ ibẹ̀, nítorí kò rí òfin tó ní kí olùyẹ̀wò wà lórí ìdúró.

Alhaji Àlàbá, ará Ìlọrin tó ń gbé lẹ́yìn ilé, wá wo iṣẹ́ náà. Ẹlẹ́hàá ni àwọn ìyàwó rẹ̀, àgbàlá wọn sì hàn kedere látorí òrùlé.

"Baba Fúnlọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ àgbàlá mi ńkọ́?"

"Alhaji, ẹsẹ̀ kan ni ọkùnrin náà ní."

"Mo gbọ́. Ojú ńkọ́?"

Wọ́n fi ẹnu kò. Kí Bartholomew tó gòkè, á ké "Gafara dai!" bí àwọn Hausa ṣe ń ṣe, kí àwọn obìnrin lè wọlé. Bó bá sọ̀kalẹ̀ tán, á tún un ké, kí wọ́n lè jáde.

Lọ́jọ́ tó gòkè, àdúgbò pé jọ bí ẹni ń wo ìwúyè. Ó ké gafara, ó di páìpù mú, ó ń fò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé òkè, ó yọjú wo inú ọ̀pá. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Kí lẹ rí?" ni Matilda bèèrè nísàlẹ̀.

"Ẹyẹlé. Tòun tọmọ."

"Ẹ kó wọn bọ̀, kí n gbé omi ata kaná!"

"Mama Fúnlọ́lá, wọ́n ti lé èmi náà jáde nílé rí. Mi ò ní fi iná lé ẹnikẹ́ni."

Bẹ́ẹ̀ ni títa ilé ṣe dúró, tí búrẹ́dì náà sì dúró, di ìgbà tí àwọn ọmọ ẹyẹlé bá fò. Ṣùgbọ́n ẹyẹlé kì í ka kàlẹ́ńdà. Bí ti ìṣáájú bá fò, ìyá wọn á tún yé. Lójoojúmọ́, bí ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ bá ti ń fọn fèrè, Bartholomew á ké gafara, á lọ yẹ ọ̀pá èéfín wò. Oyèwùmí kíyè sí i pé ọ̀tún ni ọ̀pá èéfín wà. Òsì, níbi tí ibùdó réluwé wà, ni ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ sí. Ó dìgbà tí èrò bá tú ká tán kó tó sọ̀kalẹ̀.

"Báwo ni?" ni Oyèwùmí á bi í.

"Kò tíì mọ́."

Oyèwùmí kì í bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alhaji Àlàbá kanlẹ̀kùn lẹ́yìn Mágàríbì.

"Baba Fúnlọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín kó sọ̀kalẹ̀. Àwọn ìyàwó mi ṣì wà ní yàrá, ọbẹ̀ sì ti ń jóná lójú ààrò."

Oyèwùmí sáré gòkè. Kò rántí ké gafara, Alhaji kò sì bá a wí.

Bartholomew jókòó sórí àga rẹ̀, fìlà lórí orúnkún, eruku ọyẹ́ ní ìpéǹpéjú, ojú rẹ̀ sí ibùdó. Ó ti tutù. Ẹyẹlé méjì wà lórí páìpù ìdìmú. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í báni jẹ, kó báni mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Àwọn méjèèjì kò yẹrí.

Oyèwùmí yọjú wo inú ọ̀pá èéfín, nítorí bí onílé ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ìtẹ́ ti ṣófo. Ihò náà mọ́ gaara dé ìsàlẹ̀. A lè dáná.

Ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọ̀n. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ké e bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn:

"Gafara dai!"

Àwọn obìnrin ẹ̀yìnkùlé gbọ́. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ohùn Bartholomew. Ẹnì kankan kò jáde.