Ìdáhùn Tí Aasiyah Fún Dókítà

"Ṣé ẹnikẹ́ni ń lo oògùn eku nílé yín?" Dókítà Ọmọ́wùnmí béèrè, báírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Aasiyah wolẹ̀. Oògùn eku gan-an ló ń bọ́ wọn nílé. Àmúsà bàbá rẹ̀ ló ń tà á ní Ìkòtún, tó ń fi gbohùngbohùn polówó rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ti sọ ọ́ di Ọmọ Olóògùn Eku.

"Rárá, mà," ó dáhùn.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Gowon Estate ló ti ń tọ́jú àwọn ẹranko tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ìyà. Ìyá Aasiyah ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé òun fọwọ́ sí i kí ọmọ òun mú ológbò kan. Abo kékeré kan tó kọjú sí ògiri ni Aasiyah mú.

"Omi gbígbóná ni wọ́n dà sí i lára ní Ìdímù," Dókítà ṣàlàyé. "Má fipá fà á o. Jẹ́ kó fúnra ẹ̀ wá bá ẹ."

Jẹ́jẹ́ ni Aasiyah sọ ọ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aasiyah a dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, a máa ka ìwé ìdánwò rẹ̀ sókè kí ológbò náà lè mọ ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tó jáde wá gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹkún ayọ̀ ni Aasiyah sun.

Àmúsà náà kò gbẹ́yìn. Ó kó ọjà rẹ̀ sínú àpótí onírin, ó sì tì í pa. "Kò ní fẹnu kan oògùn mi láé," ó wí. Lójú tirẹ̀, gbogbo ewu ti tán.

Lọ́sẹ̀ kan, Jẹ́jẹ́ pa eku kan tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní pásééjì, ó sì jẹ ẹ́ tán. Aasiyah yìn ín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Jẹ́jẹ́ kò lè dìde mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ ní èrìgì rẹ̀.  Aasiyah rántí pé ìyá Promise, ará yàrá kejì, ti ra oògùn lọ́wọ́ bàbá òun lọ́sẹ̀ náà. Ó sáré pe Dókítà.

"Ṣé kò jẹ oògùn eku, àbí eku tó jẹ ẹ́?" Dókítà béèrè.

Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ àkọ́kọ́ á tú. "Rárá, mà. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni." Kò dárúkọ ẹ̀jẹ̀.

"Fún un lómi. Gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la."

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Jẹ́jẹ́ fi kú. Kò sá padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbẹ́ Aasiyah ló kú sí.

Àmúsà fúnra rẹ̀ ló gbẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé. Nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀ ẹnu ológbò náà, ó dáwọ́ dúró. "Kí lo sọ fún dókítà nípa iṣẹ́ mi?"

"Mo ní a ò ní oògùn eku nílé. Ẹ má bínú, Bàbá mi."

Kò bá a wí. Ó kàn rọra ń da erùpẹ̀ bo Jẹ́jẹ́, ojú sì ti àwọn méjèèjì. Ó dun Aasiyah ju ẹgba lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá àti ọmọ jọ lọ sí Gowon Estate, Aasiyah sì jẹ́wọ́. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú.

"Mi ò bi ẹ́ kí n lè gba ológbò lọ́wọ́ ẹ," ó wí. "Mo bi ẹ́ kí n lè mọ ohun tí màá kọ́ ẹ ni. Ǹ bá ti sọ fún ẹ lọ́jọ́ tó o wá mú un pé eku tó jẹ oògùn lè pa ológbò. Abẹ́rẹ́ tó ń wò ó sì wà nínú fíríìjì mi níbí. Tó o bá ti sọ fún mi lánàá, ó ṣeé ṣe kó yè."

Aasiyah bú sẹ́kún. Kò sí ohun ìtìjú nínú iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń tọ́ ọ. Irọ́ tó fi bò ó ni ìtìjú, Jẹ́jẹ́ tí kò mọ nǹkan kan ló sì fi ẹ̀mí san án.