Ọwọ́ Mi Lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n Mi

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ̀gbọ́n ẹ kì í ṣe ẹyin adìyẹ."

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi tó ń rọbí, lókè ìdí gan-an, wọ́n ní kí n fi agbára tẹ ibẹ̀ bí ìrora bá ti dé, kí n sì dẹwọ́ bó bá ti lọ. Wọ́n ní kí n máa bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé, ṣé ibẹ̀ nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi dàgbà. Oyún wọn àkọ́kọ́ nìyí, ọkọ wọn sì ṣì wà lójú ọ̀nà láti ibi iṣẹ́, ni wọ́n bá ní èmi elẹ́nu ṣáṣá ni kí n dúró ti àwọn. Ẹ̀rù ìrora ti ń bà wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Nọ́ọ̀sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé oògùn wà bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ìrìn, mímí díẹ̀díẹ̀, aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, àti ọwọ́ ẹni tí wọ́n fọkàn tán.

Ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fara ti bẹ́ẹ̀dì, mo ń tẹ̀, wọ́n ń mí. Wọ́n tiẹ̀ ní àwọn ò mọ̀ pé mo wúlò fún nǹkan mìíràn ju kí n máa ha ìsàlẹ̀ ìkòkò lọ.

Àfi bí fóònù mi ṣe gbọ̀n lápò. Ọ̀rẹ́ mi ni: wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn tí yóò sáré fún ilé ìwé wa mọ́ ògiri! Nọ́ọ̀sì ti lọ wo obìnrin inú yàrá kejì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìṣẹ́jú kan péré," mo bọ́ síta.

Orúkọ mi wà níbẹ̀. Inú mi dùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàtà, a rojọ́ ẹni tí wọn ò mú, a rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú kan ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó rántí.

Nígbà tí mo padà, ẹ̀gbọ́n mi ti di irin bẹ́ẹ̀dì mú, mímí wọn ti dàrú, omijé ń bọ́. Wọn ò bú mi.

"Ilẹ̀kùn ni mò ń wò," ni wọ́n wí. "Gbogbo ìgbà tó bá dé, ilẹ̀kùn ni mò ń wò."

Ojú tì mí gan-an. Oṣooṣù tí inú bá ń run mí, àwọn ni wọ́n ń fi aṣọ gbígbóná lé mi nínú, wọn kì í sì í dìde títí n ó fi sùn. Mo pa fóònù, mo tì í sábẹ́ aṣọ ọmọ nínú báàgì. Nọ́ọ̀sì wọlé, wọ́n wo àwa méjèèjì, wọ́n bá ẹ̀gbọ́n mi mí títí mímí náà fi balẹ̀, wọ́n wá fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi fún mi. Mo kúnlẹ̀.

Bí ìrora bá ti dé, ẹ̀gbọ́n mi á kọ́kọ́ wẹ̀yìn bóyá mo ṣì wà. Mo ń sọ pé, "Mo wà níbí. Ṣé ibẹ̀ nìyẹn?" Nígbà tí ìrora náà dé lẹ́ẹ̀kẹfà, wọn ò wẹ̀yìn mọ́.

Ọmọbìnrin ni wọ́n bí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọrùn ọwọ́ mi ti wú, mi ò tiẹ̀ lè fi í mú bírò. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, wọ́n fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn wé e. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọmọ wà láyà wọn, na ọwọ́, wọ́n tẹ ọrùn ọwọ́ mi jẹ́jẹ́.

"Ṣé ibẹ̀ nìyẹn?"

Ẹkún ni mo fi dáhùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹni tó ń jẹ̀rora bá fọkàn tán yín, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ kó máa wo ilẹ̀kùn. Orúkọ mi kò kúrò lára ògiri; ì bá dúró dè mí títí ọmọ fi dé.