Iná Apakòkòrò Inú Yàrá Ìkókó

"Má fọwọ́ kàn án o, Aneesah. Iná yìí kì í ṣe iná àmúṣeré."

Jídé, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi tí ó ti ń gbé gílóòbù tuntun kan kalẹ̀ sórí tábìlì inú yàrá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Yaba, ohunkóhun tó bá sì ti ní wáyà nínú, yóò ti rà á kí ẹlòmíràn tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Iná tí ń pa kòkòrò àìsàn ni èyí. Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọkùnrin ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ń bọ̀ wálé, ní Ìpọ̀nrí.

Jídé lé gbogbo èèyàn síta, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ rìmóòtù láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó pa á tán, ó ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé, ó sì gbéra lọ gbé ìyá àti ọmọ.

"Mo ti ní kí o má tàn án o," ni ó tún wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo gbọ́, Bọ̀dá Jídé."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró létí rẹ̀. Nígbà tí ó lọ kí wọn ní ọsibítù, abẹ́ iná aláwọ̀ aró ló bá ọmọ náà, tí ó sùn fọnfọn. Ibà pọ́njú ló mú un, ẹyinjú rẹ̀ yọ àwọ̀ ìyeyè. Nọ́ọ̀sì sọ pé iná náà ló ń wò ó sàn. Wọ́n fi aṣọ bo ojú ọmọ, Aneesah sì rò pé kí ó lè rí oorun sùn ni. Nísinsìnyí irú iná yẹn ti wà nílé wọn. Ó sáré lọ pe Jael, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀.

"Wá wo nǹkan. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá dé, èmi ni màá wo ọmọ wọn sàn."

"Ìwọ tí o gba òdo nínú báọ́lọ́jì?"

"Òdo kọ́. Mẹ́sàn-án ni."

"Nínú ogójì. Dókítà Aneesah, ẹ kú iṣẹ́ o."

Aneesah kì í gbé ọmọ ọlọ́mọ sábẹ́ ohun tí kò tíì fi ara rẹ̀ dán wò. Ó tan iná náà, àwọn méjèèjì sì na ọwọ́ sí i.

"Kò tilẹ̀ gbóná," ni Jael wí. "Iná ilé ìdáná wa gbóná jù ú lọ."

Nítorí pé kò gbóná, ẹ̀rù wọn tán. Jael gbé fóònù kalẹ̀, ó fi orin sí i, wọ́n sì ń jó nínú ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n ń ya fídíò, wọ́n ń wo gílóòbù náà lójú kòrókòró. Yàrá ń rùn bí ìgbà tí mànàmáná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ìgbà tó rẹ̀ wọ́n ni wọ́n pa á.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ dé. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ Aneesah bí òwú. Ẹyinjú rẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀.

"Bá mi gbé e dání kí n wẹ̀," ni Ìdíátù wí.

Jídé wà nísàlẹ̀, ó ń kó ẹrù jáde nínú mọ́tò. Aneesah tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, níwájú gílóòbù náà. Ó mú rìmóòtù. Bí ẹ̀gbọ́n òun bá fi máa jáde nílé ìwẹ̀, ara ọmọ á ti dá. Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì nígbà tí nǹkan gún un lójú. Ó fọwọ́ ra á, ṣe ló tún le sí i, omi sì ń dà. Fóònù rẹ̀ dún.

"Aneesah, ojú mi," ni Jael wí. "Ó dà bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i. Ọrùn mi náà ń ta mí bí ata. Kí la jẹ?"

Aneesah ronú. Wọn kò jọ jẹun lọ́jọ́ náà. Wọn kò jọ jáde. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ṣe. Ó wo rìmóòtù ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ tí ó ranjú sí gílóòbù náà, ó sì mọ̀ pé iná náà ni. Ó lè sọ pé eruku ló kó sí òun lójú. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n bí ó bá parọ́, kí ni dókítà yóò wò?

Ó ju rìmóòtù sílẹ̀, ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jáde wá. Mo ti ṣe ohun tí kò dára."

Jídé gbọ́, ó sì sáré gòkè wá. Ó yọ wáyà iná náà, ó sì wa àwọn ọmọbìnrin méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí.

"Dókítà Aneesah," ni Jael ń kùn nínú mọ́tò, tòun ti omijé, "aláìsàn yín rèé o."

Dókítà obìnrin tí wọ́n bá níbẹ̀ yẹ ojú wọn wò, ó sì kán oògùn sí i.

"Ṣé a máa fọ́jú ni, mà?" ni Aneesah béèrè.

"Rárá, á san láàárín ọjọ́ díẹ̀. Iná yẹn ló sun ojú àti awọ yín, bí oòrùn ṣe ń sun èèyàn. Kò ní ooru tí ara fi lè sá fún un, ìrora rẹ̀ kì í sì í dé lójú ẹsẹ̀. Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ nìyẹn."

"Iná tí wọ́n fi wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọsibítù ńkọ́, mà? Àwọ̀ kan náà ni."

"Iyọ̀ àti ṣúgà náà jọra. Ìtànṣán tí ń pa kòkòrò kò sí nínú ti ọsibítù, síbẹ̀ a ṣì ń bo ojú ọmọ. Ti ilé yín, kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún, ohun tó ń pa kòkòrò kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò àti ojú èèyàn. Ká ní abẹ́ rẹ̀ lo gbé ìkókó yẹn sí..." Ó kọjú sí Jídé. "Ẹ fún un lọ́mú dáadáa, kí ẹ sì gbé e padà fún àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ní kí ẹ ṣe."

Ọjọ́ kejì, tí ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ, ni ìsọmọlórúkọ. Àwọn èèyàn kún pálọ̀, Aneesah sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, aṣọ tútù lójú rẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí kò ṣeé fojú kàn. Ó ń gbọ́ orúkọ, ó ń gbọ́ ẹ̀rín, kò sì rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn dún, ó sì dá ìrìn Ìdíátù mọ̀.

"Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo ń bínú," ni Ìdíátù dáhùn. "Ṣùgbọ́n o pè mí kí o tó tẹ̀ ẹ́." Ó sì tẹ́ ọmọ náà lé e láyà.

Aneesah kò lè wo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kékeré kan di ìka rẹ̀ mú ṣinṣin. Ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ dájú pé ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ Jídé ì bá ti tó. Iná apakòkòrò wúlò nínú yàrá tí kò sí ẹ̀dá alààyè kankan, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì. Bí èèyàn bá wà níbẹ̀, kí ó wà ní pípa.