Ẹni Tó Bá Òṣùwọ̀n Jà

"Tutọ́ sí i, ọ̀rẹ́ mi! Itọ́ náà wúwo."

Ọmọkùnrin náà tutọ́ sínú ife. Ó wọ ẹ̀wù òjò lé súwẹ́tà lórí, ó ń sáré lójú kan nínú balùwẹ̀ bí eku tó há sínú agolo. Ní ọ̀sán ni wọn yóò gbé àwọn abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò ilé-ìwé sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá wúwo ju ìpele rẹ̀ lọ kò ní jà, ẹni tí kò bá sì jà kò ní sí nínú ikọ̀. Ọmọkùnrin yìí fi díẹ̀ wúwo jù. Olùkọ́ni gbà á nímọ̀ràn pé kó jà ní ìpele tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ló fetí sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kò yege nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì rí. Fóònù ló fi ń gbọ́n.

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá rẹ ńkọ́? Ṣebí o ní tí wọ́n bá ti lò ó, ṣe ni wọ́n ń sáré lọ tọ̀?"

"Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ojo! Méjì péré. Omi ló máa jáde, kì í ṣe ẹ̀mí."

Ó lọ yọ méjì nínú páálí ìyá rẹ̀, ó gbé e mì láìfi nǹkan kan sìn ín, nítorí omi ti di ọ̀tá.

Òṣùwọ̀n gbà fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ṣàwárí iná. Ṣùgbọ́n bí akọni wa ti dìde láti wọ ojú ìjà, òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì kí agogo tó dún. Wọ́n gbé ọwọ́ alátakò rẹ̀ sókè. Ọmọ ọlọ́mọ kò tíì ju ẹ̀ṣẹ́ kan.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n obìnrin akọni wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló fa omi sí i lára.

"Àǹtí, ṣé mo ṣì lè jà lónìí?"

"Ta lo fẹ́ bá jà? Bẹ́ẹ̀dì? Gbọ́, ọlọ́gbọ́n. Tí omi ara bá ń dín kù, họ́móònù kan á ti inú ọpọlọ jáde, á sọ fún kíndìnrín pé kó má da omi nù mọ́. Òmíràn á ti orí kíndìnrín wá, á di iyọ̀ mú, kí omi lè dúró tì í. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Láti àárọ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń tilẹ̀kùn mọ́ omi ara rẹ kó o má baà kú. Ìwọ lo fi oògùn Màmá já ilẹ̀kùn náà. Ìfúnpá ti Màmá ló ga jù. Tìẹ náà ga ni?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ní—"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n wo? Ó ti sá lọ kí n tó rí iṣan rẹ."

Olùkọ́ni yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "O ṣẹ́gun òṣùwọ̀n, mo kí ọ. Ta ni kó wá bá èèyàn jà?"

Ọmọkùnrin náà kọjú sógiri.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ara tí kò jókòó ní kíláàsì kankan rí mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju gbogbo Ọ̀jọ̀gbọ́n orí fóònù lọ. Ẹni tó bá ní òun yóò fi ọgbọ́n ju ara lọ, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.