Ìmọ́lẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Wá

Ẹnu mi kì í yá. Ohun tí mo bá rí ni mo máa ń sọ. Èyí tí n ò bá rí, mo máa ń dákẹ́. Èyí, mo rí i.

Iṣẹ́ ìràwọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe. Àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà jù lọ ni wọ́n máa ń wò nínú àwòrán tí awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run bá yà. Ìmọ́lẹ̀ àwọn agbo náà ti gbéra láti ìgbà tí ayé ṣì wà ní ìkókó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa ni. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti fi ń wá èyí tó kọ́kọ́ tàn.

Màmá wa a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá ọkọ, ìwọ ń wá iná tó ti kú."

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rí agbo kan tó lọ́jọ́ lórí ju gbogbo èyí tí wọ́n ti rí lọ, àwòrán ìgbà èwe wọn kúrò lára ògiri pálọ̀. Ìṣó rẹ̀ gan-an kò sí. Mo fọwọ́ pa ibẹ̀. Ògiri náà dán.

Wọ́n rí agbo mìíràn. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà nílé ìwé di ìwé funfun nínú àpótí. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

"Ó ku ẹyọ kan, èyí tó kọ́kọ́ tàn. Lẹ́yìn ẹ̀, òkùnkùn ni."

Ní ọ̀sán Sátidé, èmi àti Màmá ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, báàgì léjìká. Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Ta lẹ ń wá?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Màmá, èmi ni."

"Èmi wo? Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ẹ ti dàgbà jù. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Òun ló jókòó yìí, kò sì wúlò."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn. Mo sìn wọ́n dé ẹnu géètì.

"Ó ku èmi nìkan tó mọ̀ yín nílé yìí. Ẹ má wo ẹyọ kan yẹn."

Wọ́n tún kọ́là aṣọ mi ṣe.

"Ọdún méjìlélógún," ni wọ́n wí. Wọ́n lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo lọ síbi iṣẹ́ wọn. Kò sí ìró kankan nínú yàrá náà àfi kọ̀ǹpútà tó ń kùn. Àmì pupa kan wà lójú rẹ̀, ó kéré bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú rẹ̀. N ò rí irú ayọ̀ yẹn lójú ẹnikẹ́ni rí.

"Ta lo ń wá, ọmọ yìí?"

Ojú wọn kò dá mi mọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ibí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́."

"Kí lorúkọ wọn?"

Mo lanu. Mo wá orúkọ náà. Kò sí níbẹ̀.

Àánú mi ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fa àga kan fún mi.

"Jókòó dè wọ́n," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú padà sí àmì pupa náà. "Bóyá wọ́n máa tó dé."