Ìwé Tí Wọ́n Fi Tọrọ Kànga

Ìka Dúróríkẹ́ ni Ọ̀jẹ̀túndé kọ́kọ́ rí. Lábẹ́ igi máńgòrò iwájú kánsù Ṣakí ni, lọ́dún 1978, ìka náà ń sáré lórí ẹ̀rọ táípù bí adìẹ tó ń ṣa ọkà bàbà. Nígbà tí ọmọge náà gbójú sókè, àgbẹ̀ ará Ọlọ́kà gbàgbé ohun tó bá wá.

Kànga ló bá wá. Àwọn àgbà abúlé rẹ̀ ti kọ ìwé tí wọ́n fẹ́ fi tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ní kó lọ tẹ̀ ẹ́. Dúróríkẹ́ kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ewé méjì ni wọ́n fi kí alága kánsù, àwọn ìyàwó rẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Ìparí ìwé ni wọ́n tó dárúkọ omi àti odò tí wọ́n ti ń pọn ọ́n.

"Bọ̀dá, ta ló máa ka ìkíni yìí tán? Èèyàn mélòó ló ń pọnmi lódò yẹn? Ohun tí wọ́n máa bi yín nìyẹn."

Ọ̀jẹ̀túndé wolẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn àgbà ò ní gbà láé.

Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Iṣu tó ń gbé fún ọmọge náà ti pọ̀ ju iṣẹ́ tó fẹ́ kó bá òun ṣe lọ, ìfẹ́ sì ti wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n Fámúrewá, ọdẹ tó bí Dúróríkẹ́, ní òun ò ní fọmọ òun fún abúlé tí obìnrin ti ń rin máìlì mẹ́ta lọ pọnmi ẹlẹ́rẹ̀. Ọjọ́ tí omi bá dé Ọlọ́kà ni kí wọ́n wá tọrọ ọmọ òun.

Inú Ọ̀jẹ̀túndé bàjẹ́ gan-an. Dúróríkẹ́ ló ronú ọ̀nà àbáyọ.

"Ṣé àwọn àgbà ní ká má ka ìkòkò ni?"

Kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì jókòó létí odò, wọ́n ka ìkòkò tó kọjá: igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Dúróríkẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ó kọ ìkòkò méje tó fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìkíni kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ nínú ìwé náà, nítorí àwọn àgbà.

"Tó bá jẹ́ èmi ni ìjọba," Ọ̀jẹ̀túndé ní, "mi ò bá ti máa gbẹ́ ẹ báyìí, ìyàwó mi."

Ọmọge ní kó lọ san owó orí ná, kó tó máa pe òun bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí kánsù, ọdún kan gbáko ni wọ́n sì fi dúró kí ìjọba tó wá gbẹ́ kànga náà. Ẹ wo ayé ìgbà yẹn, tí sùúrù ṣì wà lára olólùfẹ́.

Lọ́jọ́ tí omi àkọ́kọ́ jáde, Fámúrewá fẹsẹ̀ rìn wá. Ó bu omi mu, ó wo inú igbá, ó tún bu òmíràn. Ọ̀jẹ̀túndé ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Dìde," ni bàbá wí. "Omi yín dáa. Sọ fáwọn èèyàn rẹ pé mo wà nílé lọ́la."